Abala Àwọn Abilékọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọlọ

Arábìnrin kan tí ó ń ta àkàrà ní Ajégúnlẹ̀ kọ̀wé sí wa pé onílé òun ti gbé ìyá ọlọ àti ọmọ ọlọ òun sínú yàrá rẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn, nítorí owó ilé oṣù méjì. Ó ní owó tí ó wà lọ́wọ́ òun kò tó san gbèsè náà, ṣùgbọ́n ó lè tó ra ọlọ mìíràn, ó sì bi wá léèrè bí a ti ń mọ èyí tí ó dára. Àwa yóò kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ó béèrè.

Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ àti ti Àpápá kò ní òkúta. Iyanrìn àti àbàtà ni. Àní òkúta tí a fi ṣe odi sínú òkun ní ẹnu èbúté Èkó lẹ́yìn ọdún 1900, Arò ní Abẹ́òkúta ni a ti wà á, tí ọkọ̀ ojú irin sì rù ú wá. Nítorí náà àlejò ni gbogbo ọlọ tí ẹ bá rí ní ọjà Boundary, ẹni tí ó ń tà á sì lè má mọ ibi tí a ti gbẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ra ọjà. Ẹ bu omi sí ojú ọlọ náà, kí ẹ sì fi ọmọ ọlọ lọ omi náà lásán fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá dúdú, tí ìka yín sì kan iyanrìn nínú rẹ̀, òkúta rírọ̀ ni. Inú àkàrà ni iyanrìn náà yóò máa bọ́ sí, eyín àwọn ọmọdé yóò sì jẹ́rìí. Ẹ fi òkúta kékeré kàn án pẹ̀lú: èyí tí ó dára a dún gbọnrangandan, èyí tí ó bá dún bòò ti là nínú. Ẹni tí ó ń lọ ẹ̀wà lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ra kékeré nítorí owó, nítorí ọlọ fífúyẹ́ a máa sá kiri lábẹ́ ọwọ́.

Àwọn ará Mẹ́síkò ní irú ọlọ tiwọn tí à ń pè ní metate, àti odó olókùúta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń pè ní molcajete; òkúta òkè oníná ni wọ́n fi ń gbẹ́ wọn. Kí wọ́n tó lo tuntun, wọn a lọ ìrẹsì gbígbẹ nínú rẹ̀, wọn a sì dà á nù, títí ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò fi funfun. Kí tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé ó dun ni láti da oúnjẹ nù. Ẹ wá ìrẹsì fífọ́ tí kò wọ́n.

Omi àti kànrìnkàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láìsí ọṣẹ, nítorí òkúta a máa mu ọṣẹ. Ẹ lọ ẹ̀wà ṣáájú ata. Ẹ má ṣe gún nǹkan lórí rẹ̀ bí odó. Bí ojú rẹ̀ bá dán jù tí ata ń yọ̀, kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà fi òkúta líle kàn án díẹ̀díẹ̀ kí ó tún rí ṣákiṣàki. Lẹ́yìn èyí ẹ gbọ́dọ̀ tún lọ ìrẹsì ìdànù, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Àwọn kan yóò ní kí ó gbé ẹ̀wà lọ sí ibi ẹ̀rọ. Kò burú, ṣùgbọ́n owó ojoojúmọ́ ni, irin ẹ̀rọ tí ó ti gbó a sì máa jẹ sínú oúnjẹ.

Ó wá ku ohun tí arábìnrin wa kò béèrè. Ìwé Deutarónómì, orí 24, ẹsẹ 6, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gba ọlọ ẹlòmíràn ní ògo, ìbáà ṣe ìyá tàbí ọmọ rẹ̀, nítorí ẹ̀mí onítọ̀hún ni ó gbà. Òfin náà kò ní kí a má san owó ilé. Kí ó mú alàgbà ìjọ kan dání, kí ó kúnlẹ̀ kí onílé náà, kí ó fi apá kan owó náà lọ̀ ọ́, kí alàgbà sì ka ẹsẹ náà sí i létí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ọlọ tí ọwọ́ ẹni ti mọ́ sàn ju tuntun lọ. Bí ó bá kọ̀, kí ó di owó rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ, kí ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò bá a ru ẹrù, kí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ.