Ẹ Má Yọ Àmì Kúrò Nítorí PDF

Ó ku ọ̀la kí n gbé iṣẹ́ ìwádìí mi lórí ewé oògùn fún olùkọ́ mi, mo wá sọ ọ́ di PDF lóru. Háà! Àmì tó wà lórí ẹ̀fìnrín ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn ti di àpótí òfìfo. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ṣebí kó o kàn yọ gbogbo àmì yẹn kúrò." Mi ò gbà o.

Ẹ wo ohun tó fà á. Nínú Unicode, "á" ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ́": "ọ" dá dúró, àmì òkè tẹ̀lé e. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé àmì náà lé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á ṣubú síbi tó bá wù ú.

Ẹ̀bi fọ́ǹtì nìyẹn, kì í ṣe ti èdè wa. Ẹ kọ "ogede" láìsí àmì: ṣé èso tí à ń jẹ ni àbí ọfọ̀ tí wọ́n ń pè? Nínú iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré.

Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì sí Charis SIL, mo sì yan PDF/A, torí ó pọn dandan fún PDF/A pé kí fọ́ǹtì wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Gbogbo àmì bá jókòó sáyè wọn. Ẹ tètè dán tiyín wò láti ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ má dúró dòru ìkẹyìn bíi tèmi.