Alárinà Tí A Kò Yàn

Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá a. Nígbà tí ó ra ẹ̀rọ Wi-Fi sí ilé, tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tò ó, ìkìlọ̀ yọ lójú ẹ̀rọ pé ìsopọ̀ náà kò ní ààbò. Mo ní, "Má dá a lóhùn, tẹ̀ ẹ́ kọjá." Òótọ́ ni mo sọ, ṣùgbọ́n n kò sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Ìkìlọ̀ kan náà yọ lórí ìkànnì báǹkì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá, bí mo ti kọ́ ọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó pè mí kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí ti ẹ̀rọ ilé náà nìyí?"

Rárá o. Nínú ètò ìgbéyàwó àtijọ́, ọkùnrin kì í jẹ́rìí ìwà ara rẹ̀. Alárinà ni í sọ irú ilé tí ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkànnì báǹkì gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí wá, èyí tí ilé iṣẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ti fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ Wi-Fi ilé kò ní alárinà; òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé e sórí tábìlì yín, ẹ mọ̀ ọ́n. Báǹkì tí kò ní alárinà ńkọ́? Ẹlòmíràn lè ti jókòó sí àárín yín.

"Ta ló wá yan àwọn alárinà ọ̀hún?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà àti bíráósà ni. Àwọn tí wọ́n yàn pọ̀, wọn kò sì bi wá. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀daràn wọ inú kọ̀ǹpútà DigiNotar, alárinà kan ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe ayédèrú ìwé ẹ̀rí tó ju 500 lọ, títí kan ti Google. Èyí ni wọ́n lò fún àwọn tó ń ka Gmail ní Ìránì. Ọ̀pọ̀ bíráósà kò kìlọ̀ rárá, nítorí wọ́n gba alárinà náà gbọ́. Chrome ló tú àṣírí, torí ó ti há àwọn tó lè fọwọ́ sí ìwé Google sórí. Wọ́n yọ DigiNotar kúrò nínú àwọn bíráósà. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló kógbá wọlé. N kì í fi ìmúdójúìwọ̀n kọ̀ǹpútà mi dọ̀la mọ́, torí ibẹ̀ ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń kúrò.

Mo ní kí àbúrò mi kúrò lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì, kí ó lo dátà fóònù rẹ̀. Ìkànnì báǹkì ṣí wẹ́rẹ́, láìsí ìkìlọ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ́.