Fífi Í Sílẹ̀ fún Ọlọ́run Kì í Ṣe Àánú

Ẹ̀yìnlàárò lorúkọ ajá mi. Ẹ mọ bí Yorùbá ṣe ń sọ ajá lórúkọ: òwe la fi ń pè é, kí aládùúgbò tọ́rọ̀ kàn lè gbọ́. Ọdún 13 ló fi ṣọ́ ilé wa ní Sango-Ọ̀tà, láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀ àti tírélà tó ń lọ sáwọn ilé iṣẹ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́, èmi tí mo sọ ọ́ lórúkọ ò ro ẹ̀yìn kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wò ó níran.

Mi ò ní fi bọpo bọyọ̀: ohun tí à ń ṣe fún ajá tó ti darúgbó ládùúgbò wa ò dáa. Ọ̀nà mẹ́ta la mọ̀. Àwọn kan á tà á fáwọn tó ń ta ẹran ajá. Àwọn kan á gbé e lóru, wọ́n á lọ jù ú sẹ́bàá títì. Àwọn tó kù á so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé títí táá fi kú, wọ́n á wá pe ìyẹn ní àánú.

Ẹ jẹ́ ká wo àwíjàre wa. Àkọ́kọ́: “Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí.” Màámi ló sọ ọ́ fún mi: “Ọmọ mi, má fọwọ́ ara ẹ gbẹ̀mí. Jẹ́ kí Ọlọ́run mú un nígbà tó bá yá.” Mo dákẹ́, torí màámi ni. Àmọ́ tí Iléyá bá dé, a kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ àgbò. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, a kì í bẹ adìyẹ. Ajá gan-an, Ògún ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé. Ẹ̀mí ẹranko ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ìgbà tí ikú bá máa ṣe ẹranko náà lóore nìkan la máa ń rántí pé ti Ọlọ́run ni.

Ìkejì: “Ṣebí ajá lásán ni.” Ọmọkùnrin kan lójúlé kejì sọ fún mi pé, “Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n bá yín pe àwọn tó ń ta 404.” Fún àwa tá à ń kọ kóòdù, 404 ni nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé jáde tí ohun tá à ń wá ò bá sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ajá tí kò jẹ́ kí olè wọlé fún ọdún 13 pòórá.

Ìkẹta: “Mi ò lè wò ó.” Tèmi nìyí. Ìfẹ́ ni mo pè é, ìbẹ̀rù ni. Ẹ̀yìnlàárò ń sùn sínú ìtọ̀ ara ẹ̀. Ìbàdí ẹ̀ degbò, eṣinṣin bà á, ìdin dé. Èmi ń pààrọ̀ àkísà, mo ń sọ pé, “Ó kúkú jẹun díẹ̀ lónìí.”

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó? Lọ́dún 2004, dókítà ẹranko kan ní Amẹ́ríkà, Alice Villalobos, gbé òṣùwọ̀n kan jáde. Ohun méje ló ní ká wò: ìrora, oúnjẹ, omi ara, ìmọ́tótó, ìdùnnú, rírìn, àti bóyá ọjọ́ tó dáa ṣì pọ̀ ju èyí tí ò dáa lọ. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 10. Tó bá ju 35 lọ, ìtọ́jú ṣì lè máa lọ. Nígbà tí mo ṣe é fún Ẹ̀yìnlàárò, 14 ló gbà.

Ẹnì kan á ní mò ń ṣílẹ̀kùn fáwọn ọ̀lẹ tí kò fẹ́ náwó ìtọ́jú. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Oríkèé tó ń dunni tàbí eyín tó ń jẹrà kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Tí ìwà ajá bá sì ṣàdédé yí padà, tó ń gé èèyàn jẹ, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ẹ má tà á o. Ẹni tó bá pa á fún jíjẹ gan-an lè kó àìsàn náà.

Tí kò bá wá sí àtúnṣe mọ́, kì í ṣe òtapiapia la máa fún un. Oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun, tó ju ìwọ̀n lọ, ni dókítà máa gún un. Ajá á ti sùn lọ kí ọkàn ẹ̀ tó dúró. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB l'Abẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn dókítà míì sì ń wá sílé.

Àwọn àgbà ní ajá tó bá léèyàn lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ọjọ́ tí kò lè lé eku mọ́ ńkọ́? Ọjọ́ yẹn gan-an ló nílò èèyàn lẹ́yìn. Mo gbé orí Ẹ̀yìnlàárò lé itan nígbà tí dókítà ń gún un. Kò mọ̀ mí mọ́. Ẹ̀yin, ẹ pe dókítà nígbà tí tiyín ṣì lè ju ìrù sí yín.