Kì í ṣe ọwọ́ ayé, ìbẹ̀rù ìṣirò ni



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 7, wá bá mi nílé ní Gowon Estate níbí. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá léèrè. Ọmọ yìí kò mọ ìṣirò rárá. Tíṣà rẹ̀ ní olódo ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tó gbé ọpọlọ ọmọ mi pamọ́." Ọmọ náà dorí kodò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mi ò tíì fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí mo fi pè é. Mo ní, "Ọmọ mi, bí ìyá rẹ bá fún ọ ní 500 náírà kí o lọ ra búrẹ́dì 350 náírà, èló ni wàá mú padà wálé?" Kí n tó pa ẹnu dé, ó ní, "150 náírà, sà." Mo wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo mí. Mo ní, "Ìyá ọmọ, ẹni tí ayé gbé ọpọlọ rẹ̀ lọ kò ní mọ ṣẹ́ńjì. Ohun tí ojú bá ti rí, a kì í fi yọ Ifá lẹ́nu. Ẹ̀rù ìṣirò ló ń ba ọmọ yìí, àwa àgbà la sì dá ẹ̀rù náà bà á."

N kò fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kékeré, pàṣán ni mo fi ń bi í léèrè ìsọdipúpọ̀. Bó bá ṣì í, mo nà án. Ó kọ́ ọ sórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kórìíra ìṣirò títí dòní. Ó ti lé ní ẹni 40 ọdún. Bó bá fẹ́ ṣírò owó, ìyàwó rẹ̀ ló ń pè. Ọwọ́ mi ni mo fi ba nǹkan jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí: eré ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé, kí ó tó di pé ẹlòmíràn fi ẹgba kọ́ ọ níta.

Àwọn baba ńlá wa kò bẹ̀rù nọ́ńbà. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó ẹyọ. Bó bá di ọ̀nà mẹ́rin, ó di ogún. Bí ẹnì kan bá ń ṣe bí ọlọ́gbọ́n, wọ́n á ní ó dájú dánu, kò mọ ẹ̀sán mẹ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé ẹni tí kò mọ ìsọdipúpọ̀ ni wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀! Inú orúkọ nọ́ńbà wa gan-an ni ìṣirò wà. Ẹ bi ọmọ yín pé kí ni márùndínláàádọ́ta. Àádọ́ta ni, ẹ yọ márùn-ún kúrò. Kí wá ni àádọ́ta? Ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Ọmọ tó bá lè tú orúkọ kan yìí wò ti ṣe ìsọdipúpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ṣe àyọkúrò lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mú bírò.

Ẹ tún wo ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ tó ta, ẹ bi í pé, "Bí o bá kó èyí, ihò wo ni yóò parí sí? Ṣé wàá jẹ èjì tàbí ẹ̀ta níbẹ̀?" Ìṣirò àròjinlẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí ọpọ́n, ẹ gé páálí ẹyin kí ó ku ihò 12, kí ẹ sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i.

Eré kejì rèé. Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà. Ìdérí kan lè ṣí, ó lè dé: ọ̀nà 2. Ìdérí méjì, ọ̀nà 4. Mẹ́ta, ọ̀nà 8. Mẹ́rin, ọ̀nà 16. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ tò ó sílẹ̀, kí ó kà á. Ẹ̀yin onífá ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. 16 lọ́nà 16 ni 256, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, gbogbo odù Ifá pátá. Ní 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ọmọ wa ń bẹ̀rù 16 lọ́nà 16! Mo kìlọ̀ o: ìdérí ìgò ni mo wí. Ikin àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí a ti tẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé.

Ẹlòmíràn á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Òótọ́ ni, ẹ kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì náà. Ṣùgbọ́n ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn; wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí. Síbẹ̀, kò sí mínísítà tó lè fagi lé èdè tí ẹ fi ń ta ayò nínú pálọ̀ yín.

Bí aládùúgbò yín bá sì ní ẹ ń kọ́ ọmọ òun ní Ifá, ẹ sọ fún un pé ayò kì í ṣe ẹbọ. Mùsùlùmí ń ta á, Kìrìsìtẹ́nì ń ta á.

Ìṣẹ́jú 15 lálẹ́ ti tó. Ẹ má lo ẹgba, ẹ má pe ọmọ ní olódo. Ẹ dá eré náà dúró nígbà tí ó ṣì ń wu ọmọ, kí ó lè bẹ̀ yín lọ́la.

Ọmọ tí mo sọ yìí ń wá sọ́dọ̀ mi báyìí lọ́jọ́ Àìkú. Máàkì rẹ̀ kò tíì dé ibi tí ìyá rẹ̀ ń fẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ mí ní ayò, 26 sí 22. Ó ka ọmọ ayò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè dá a lójú pé Bàbá kò yan òun jẹ.

Ifá á jẹ́ kí ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.