Adìẹ Tí Ó Ń Ké Bí Àparò

 

Obìnrin kan kọ lẹ́tà sí wa. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ń gbọ̀n, ara rẹ̀ ń le gan-an, ìrìn rẹ̀ kò sì yá mọ́. Dókítà ti sọ fún wọn pé àrùn tí òyìnbó ń pè ní Parkinson ni. Ẹnìkan wá sọ fún un pé ní òkè òkun, wọ́n ti ń fi ẹran ọpọlọ ẹlòmíràn sí orí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ó ní: bí wọ́n bá ṣe é fún ìyá òun, ṣé ìyá òun náà ni yóò jí lórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí ẹlòmíràn? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Lára ẹyẹ àti eku ni a ti rí ìdáhùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ kan wà tí ó jẹ́ ìbátan àparò wa, ṣùgbọ́n tí ó kéré sí i. Òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó túmọ̀ Àlùkùránì sọ pé ó jẹ́ salwā, tí Ọlọ́run sọ̀ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Èyí tí wọ́n ń sìn ní ilẹ̀ Japan kì í ké bí àkùkọ. Àkùkọ a na ọrùn sókè, a fa ohùn rẹ̀ gùn, gbogbo ilé a sì jí. Àparò yìí a kọ́kọ́ dá ohùn kúkúrú, kí ó tó fi èyí tí ó gùn tí ó sì ń gbọ̀n parí rẹ̀. Bí ó sì ti ń ké ni orí rẹ̀ ń mì. Kò sí èyí tí ó lọ sí ilé kéú kọ́ ọ nínú àwọn méjèèjì. Àkùkọ tí a bá di etí rẹ̀ láti kékeré, bí àkùkọ ni yóò ṣì máa kọ. Ẹni bíni là ń jọ.

Ní ìlú Nogent-sur-Marne, lẹ́bàá Paris ní ilẹ̀ Faransé, ni obìnrin amòye kan ti ṣiṣẹ́, Nicole Le Douarin ni orúkọ rẹ̀. Ní 1969 ó fi hàn pé bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ara àparò, àmì kan wà nínú ẹyọ ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ti adìẹ kò ní. Bí a bá wá pa ara àparò pọ̀ mọ́ ti adìẹ, a ó máa mọ èyí tí í ṣe ti àparò níbikíbi tí ó bá rìn dé.

Ní 1988 òun àti Evan Balaban pẹ̀lú Marie-Aimée Teillet sọ ohun tí wọ́n fi ìmọ̀ yìí ṣe. Wọ́n mú ẹyin adìẹ àti ẹyin àparò tí wọ́n ti wà nínú ooru fún bí ọjọ́ méjì péré, nígbà tí ọpọlọ ọlẹ̀ inú wọn kò tíì ju bí òwú tín-ínrín lọ. Wọ́n lu ihò sára èèpo ẹyin, wọ́n gé díẹ̀ nínú ọpọlọ ọlẹ̀ adìẹ kúrò, wọ́n sì fi ibi kan náà gan-an láti ara ọlẹ̀ àparò rọ́pò rẹ̀. Wọ́n dí ihò náà, wọ́n dá ẹyin padà sínú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ẹ wo irú ọwọ́ tí ó lè ṣe èyí!

Àwọn kan nínú ẹyin náà pa. Òròmọdìẹ funfun ni wọ́n, àfi pé iyẹ́ orí wọn ṣú níbi tí a ti fi ti àparò sí. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí ń mú kí akọ ẹyẹ tètè ké. Nígbà tí wọ́n lanu, àwọn kan tí ó gba àárín ọpọlọ àparò kò kọ bí àkùkọ mọ́: ohùn wọn gé sí wẹ́wẹ́ bíi ti àparò.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí Balaban rí lẹ́yìn náà, ní 1997. Ibi tí ohùn ti ń wá lọ́tọ̀, ibi tí mímì orí ti ń wá lọ́tọ̀. Bí a bá fi àárín ọpọlọ àparò sí i, ohùn rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò mì bíi ti àparò. Bí ó bá sì jẹ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ni a fi sí i, orí á mì, ohùn á sì jẹ́ ti adìẹ. Ní 2001 ẹ̀wẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè mú òròmọdìẹ fẹ́ràn ìpè ìyá àparò ju ìpè ìyá adìẹ lọ, nípa irú iṣẹ́ abẹ kan náà nínú ẹyin. Ẹ̀yin ìyá, ẹ rò ó wò.

Àwọn ẹyẹ náà kò pẹ́ láyé. Nígbà tí ara adìẹ bá gbọ́n tó láti mọ àjèjì, a máa bá ọpọlọ àparò tí ó wà nínú rẹ̀ jà.

Kì í ṣe ẹyẹ nìkan. Hámsítà jẹ́ ẹran kékeré bí eku, ìrù rẹ̀ kúkúrú, òru ni ó sì máa ń sáré. Ní 1988 Martin Ralph àti Michael Menaker ní Amẹ́ríkà ròyìn ọ̀kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé wákàtí 24. Bí ó tilẹ̀ wà nínú òkùnkùn biribiri, wákàtí 22 ni ó fi ń ka ọjọ́ kan. Nínú ìran rẹ̀ a sì rí àwọn tí tiwọn jẹ́ bí 20. Aago yìí wà ní ibi kan bíńtín nísàlẹ̀ ọpọlọ, tí ẹyọ inú rẹ̀ kò ju bí 20,000 lọ. Wọ́n ba ibẹ̀ jẹ́ lára hámsítà kan: kò mọ ìgbà sísùn àti ìgbà jíjí mọ́. Wọ́n wá fi ti ọlẹ̀ hámsítà mìíràn sí i. Aago padà, ṣùgbọ́n aago ẹni tí ó fún un ni. Èyí ni wọ́n kọ jáde ní 1990.

Ìdáhùn mi fún arábìnrin wa nìyí: ohun kan péré ni ó yí padà lára ẹran kọ̀ọ̀kan, ìyẹn iṣẹ́ tí ibi tí a fi kún un ń ṣe tẹ́lẹ̀. Adìẹ kò di àparò. Ohun tí àwọn dókítà sì ń wá fún irú ìyá rẹ̀ kéré sí ìyẹn pàápàá, nítorí wọn kì í gé ọpọlọ rẹ̀ kúrò. Oje kan wà nínú ọpọlọ tí a ń pè ní dopamine. Àwọn ẹyọ ara tí ń ṣe é ni ó ń kú nínú àrùn yìí. Ní 1979 àwọn amòye ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden pa á run ní ẹ̀gbẹ́ kan ọpọlọ eku. Bí wọ́n bá fún eku náà ní oògùn kan, a máa yí pooyi lójú kan. Wọ́n fi irú ẹyọ ara bẹ́ẹ̀ láti inú ọlẹ̀ eku sí i, yíyí náà sì dínkù.

Ní 1987 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ènìyàn ní Lund. Láti ara oyún tí a ṣẹ́ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n lò, ọ̀rọ̀ yìí kò sì rọrùn fún ẹnikẹ́ni tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ní 2001 èsì ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 40. Ìdajì gbà á ní tòótọ́. Ìdajì yòókù, ihò nìkan ni a lu sí agbárí wọn, wọn kò sì mọ̀. Àwọn tí kò ju ẹni 60 ọdún lọ rí ìtura díẹ̀; àwọn tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ kò rí i. Lẹ́yìn ọdún kan, bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í jà pìtìpìtì láìlè dá ara dúró. Eku kò sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀.

Ní 2025 ìròyìn méjì tún jáde, ọ̀kan láti Kyoto ní Japan lórí ẹni 7, èkejì láti Amẹ́ríkà àti Kánádà lórí ẹni 12. Lọ́tẹ̀ yìí, inú àwo ni wọ́n ti tọ́ àwọn ẹyọ ara náà dàgbà. Ní Kyoto, 4 nínú àwọn 6 tí wọ́n yẹ̀ wò ni ìrìn àti ìṣe wọn dára sí i nígbà tí oògùn kò sí lára wọn, kò sì sí ewu ńlá tí ó ti ara rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó gbà á, gbogbo wọn ni ó sì mọ̀ pé àwọn gbà á. Kò sí ẹni tí a lu ihò lásán sí lórí nínú wọn, bí a ti ṣe ní 2001.