Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Wá Jẹjẹrẹ Nínú Ẹnu: Irú Ẹnu Wo Ni Wọ́n Fi Dán an Wò?

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín nínú òkùnkùn, kí ẹ fi orí ìka bò ó. Ìka yẹn á pọ́n bí ẹyin iná. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló jáde láti inú fóònù o, àmọ́ pupa nìkan ló rí ọ̀nà kọjá dáadáa, torí ẹ̀jẹ̀ yín ti gbé àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ ewé mì. Ẹ má pè é ní eré ọmọdé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹran ara tó dá ṣáṣá ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹran tí jẹjẹrẹ ti wọ̀ ń ṣe sí i.

Jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni wọ́n ń pe èyí tó bá mú ẹnu, ahọ́n, ọ̀fun, gògóńgò tàbí ihò imú. (Ti ọpọlọ ò sí níbẹ̀, ìdílé tiẹ̀ yàtọ̀.) Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ méjì péré wo ọ̀fun, ọ̀kan ní 415 nanomítà, èkejì ní 540. Ẹ̀jẹ̀ máa ń gbé méjèèjì mì, nítorí náà àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ dúdú kedere. Jẹjẹrẹ ò sì lè dàgbà láìjẹun: ó máa ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀, àwọn iṣan náà á wá lọ́ mọ́ra wọn rúdurùdu. Ohun tí dọ́kítà ń wá nìyẹn. Ọgbọ́n kejì ni iná búlúù. Ẹran ẹnu tó dá ṣáṣá á dá ìmọ́lẹ̀ tó jọ àwọ̀ ewé padà, ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ á ṣókùnkùn.

Èyí tí orí mi ń wú sí jù ni ẹ̀kẹta. Ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n so aró kan mọ́ oògùn panitumumab, oògùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ EGFR, nǹkan kan tó máa ń pọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu. Wọ́n á fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ojú èèyàn ò lè rí ìmọ́lẹ̀ tí aró yẹn ń tàn, kámẹ́rà ló ń rí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Oníṣẹ́ abẹ máa ń fẹ́ gé tó mílímítà 5 ẹran tó dá ṣáṣá mọ́ jẹjẹrẹ náà. Tó bá gé kéré jù, àrùn lè padà wá. Tó bá gé jù, ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ jíjẹ dìṣòro. Ahọ́n kì í ṣe iṣu, tí èèyàn á kàn gé ibi tó rà sọ nù kó sì se ìyókù.

Ìbéèrè tèmi rèé: irú ẹnu wo ni wọ́n fi ń dán àwọn ẹ̀rọ yìí wò? Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tó gbayì nígbà Kòrónà. Lọ́dún 2020 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí lára àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ìmọ́lẹ̀ náà lòun náà ń lò. Ẹ wá ṣí ẹnu yín níwájú dígí. Ẹran ìdí eyín ọ̀pọ̀ nínú wa dúdú, kò sì sí àìsàn kankan níbẹ̀. Melanin lásán ni. Ṣùgbọ́n melanin máa ń gbé iná búlúù mì. Nítorí náà, ibi tí ara le koko lè ṣókùnkùn lábẹ́ iná yẹn bíi pé àrùn wà níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á kó jìnnìjìnnì bá aláìsàn lórí àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un.

Ní ìlú òyìnbó gan-an, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ní Kánádà, wọ́n fi iná búlúù tọ́ oníṣẹ́ abẹ sọ́nà nínú ìwádìí tó kó aláìsàn tó lé ní 400 jọ. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, kò sì dín pípadà àrùn kù. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà náà ti sọ lọ́dún 2017 pé kí wọ́n má fi irú iná bẹ́ẹ̀ ṣe ìdájọ́ egbò tó ń kọni lóminú. Síbẹ̀ mi ò ní ká pa á tì. Àwọn ará Íńdíà bá àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ṣe é mọ́ fóònù, ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2018, ẹnu àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ni wọ́n sì fi dán an wò. Ohun tí mò ń bèèrè fún tiwa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹni tí egbò ẹnu bá ń dà láàmú ní Èmùré tàbí Ìsẹ̀, ilé kẹ́mìsì ló máa ń kọ́kọ́ yà sí, lẹ́yìn náà àgbo, lẹ́yìn náà àdúrà. Ìgbà tó bá máa fi gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá dé EKSUTH ní Adó, nǹkan ti lè bàjẹ́. Tí wọ́n bá gbé owó lé mi lọ́wọ́ lónìí, mi ò ní kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́ àti igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ ahọ́n ni màá pín fún gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Ìrò, màá sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti onílé kẹ́mìsì ní ohun tí wọ́n á wò: egbò tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jinná, ojú ibi funfun tàbí pupa tí kò ṣeé nù kúrò, ohùn tó há fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kókó lọ́rùn. Owó tó kù, kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi máíkírósíkóòpù wo ẹran tí wọ́n bá gé, torí iná kankan ò tíì lè gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ físíìsì ní BOUESTI n'Íkẹ́rẹ́, tí ẹ ń wá àkọlé projẹ́ẹ̀tì kiri, ẹ gbọ́ o. Kò sóhun tó ní kí ẹ dúró de Stanford. Ẹ bá àwọn dókítà eyín sọ̀rọ̀, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí lára èèyàn, kí ẹ wọn bí ẹran ìdí eyín tó dúdú àti èyí tó pupa ṣe ń gbé iná búlúù mì lára àwọn tí ara wọn le. Iná LED búlúù ò wọ́n. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó kọ sí mi lábẹ́ ibí, mo fẹ́ rí nọ́ńbà yín.