Ẹ Má Pa Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Láìwo Ohun Tó Tàn Án

Ẹni tó bá jókòó síwájú nínú táksí tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu lè ti rí ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Iná kékeré pupa á tàn níwájú awakọ̀, awakọ̀ á sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Bí èrò bá bi í, á ní: “Ó ti pẹ́ tó ti ń tàn bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan.” Nínú ọkọ̀ mìíràn, iná náà kò tilẹ̀ tàn mọ́, nítorí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kí wọ́n ti lẹ téépù dúdú mọ́ ọn lójú.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Tòkúnbọ̀ tó gba èbúté Kùtọnu wọlé ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wọ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n kí a rí èyí tó ti lé ní ọdún 20. Wáyà wọn ti gbó, ẹnu wáyà ti dípẹtà. Òótọ́ ni pé iná lè tàn lásán nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ta ló lè mọ èyí tó tàn lásán bí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò?

Iná mẹ́ta ni kò yẹ kí awakọ̀ kankan fojú fò. Èkíní ni ti ọ́ìlì, tí àwòrán rẹ̀ dà bíi kẹ́tùlù tó ń kán. Bó bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì wò. Bí ọ́ìlì bá pé, ó lè jẹ́ súìṣì kékeré ara ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wọn agbára ọ́ìlì náà kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ti bátìrì. Ohun tó sábà máa ń sọ ni pé alternator kò fún bátìrì lágbára mọ́. Kí a wo bẹ́líìtì rẹ̀ bóyá ó já tàbí ó dẹ̀, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí ohun tó ń gbé omi kiri inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kẹta ni ti bíréèkì. Bí a bá ti sọ hándìbíréèkì kalẹ̀ tí iná náà kò kú, ó lè jẹ́ pé omi bíréèkì ti dínkù. Ẹ̀mí èrò ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń yọ gílóòbù, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, inú gílóòbù bátìrì ni iná ń gbà kọjá láti jí alternator. Bí ẹ bá yọ ọ́, alternator lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Bí iná púpọ̀ bá ń tàn pọ̀, tàbí tí wọ́n ń ṣẹ́jú, ẹ má sáré ra pátì. Ibi tí kò náni lówó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ṣé ẹnu bátìrì méjèèjì mọ́, ṣé wọ́n le dáadáa? Ṣé wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì kò tíì já? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo fíúsì. Bí fíúsì tó jó bá jẹ́ 10, 10 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dí i, ọkọ̀ rẹ̀ lè gbiná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dìde. Iná ọ́ìlì àti ti bátìrì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá dìde. Èyí tí kò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ibi tí gílóòbù rẹ̀ wà kí ẹ tó kówó sílẹ̀.

A mọ̀ pé owó ló ń dí awakọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí yóò jíṣẹ́ owó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́ kò fẹ́ jókòó sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ọlọ́kọ̀: ọjọ́ tí awakọ̀ bá gúnlẹ̀ nítorí iná pupa, ẹ má béèrè owó ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ibùdókọ̀, ẹ wo iná wọ̀nyí láàárọ̀ kí èrò tó wọlé. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kọ́ ọmọ iṣẹ́ yín láti wá ohun tó tan iná kó tó fọwọ́ kan gílóòbù. Ẹ̀yin èrò náà, bí awakọ̀ bá dúró lójú ọ̀nà láti yẹ ọkọ̀ wò, ẹ má bú u.

Kékeré la ti ń pẹ̀kàn ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.